Ìdí Tí Sáà Eré Kan Fi Ń Padà Sórí Tẹlifíṣọ̀n Tí Òmíràn Kì Í Padà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí NTA àti BCOS

Sí Olùdarí Àgbà NTA ní Àbújá; sí ọ̀gá NTA Ìbàdàn ní Agodi; sí àwọn aláṣẹ BCOS, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní Oríta Baṣọ̀run; àti sí gbogbo ará Ìbàdàn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n, láti Bódìjà àti Agbowó dé Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge.

Eré orí tẹlifíṣọ̀n tó bá pẹ́ lórí afẹ́fẹ́ kì í sábà padà wá lódidi. Sáà kan nínú rẹ̀ lè padà léraléra títí àwọn ọmọdé yóò fi mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, kí sáà tó ṣáájú rẹ̀ tàbí èyí tó tẹ̀ lé e má sì tún hàn mọ́ láéláé. Ọ̀pọ̀ olùwòran gbà pé iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló jókòó, tó yan èyí tó dùn jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ adùn tó wọlé rárá, wọ́n ti kọ́kọ́ béèrè bóyá ohun tí wọ́n ká eré náà sí ṣì wà, bóyá ẹni tó ni ín lábẹ́ òfin yóò gbà, àti ta ni yóò sanwó àyè tí yóò gbà lórí afẹ́fẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yìí ló burú jù ní Nàìjíríà, òun náà sì ni àwọn aláṣẹ lè rí nǹkan ṣe sí kíákíá.

Kò sí ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí kàn tó Ìbàdàn. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, pẹ̀lú àjọṣe iléeṣẹ́ Overseas Rediffusion láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1960, eré Wọlé Ṣóyínká kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ My Father's Burden jáde níbẹ̀. Ṣẹ́gun Olúṣọlá ló darí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n káàkiri ayé, bí òṣèré bá ti ń ṣe é níwájú kámẹ́rà ni àwòrán rẹ̀ ń dé ilé àwọn ènìyàn. Eré tí wọ́n bá ṣe báyìí kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ ju ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí lọ, àti ohun tí olùwòran bá rántí. Bí irú eré bẹ́ẹ̀ kò bá padà, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kọ̀ ọ́. Kò sí ohun tí wọn yóò gbé padà ni.

Téèpù fídíò dé láti yí èyí padà. Iléeṣẹ́ Ampex ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé èyí tó wúlò fún iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n jáde ní 1956. Fífẹ̀ rẹ̀ tó íńṣì méjì, ó wúwo, ó wọ́n, òkèèrè ni Nàìjíríà sì ti ń rà á wá. Àǹfààní tó ní tí fíìmù kò ní ni pé wọ́n lè pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n sì tún fi ká nǹkan mìíràn. Àǹfààní yìí gan-an ló run eré. Nígbà tí owó téèpù tuntun kò bá sí, tí ètò mìíràn sì gbọ́dọ̀ wọ afẹ́fẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, ẹni tó wà ní yàrá téèpù a na ọwọ́ sí èyí tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò ṣe é láti pa nǹkan run. Fídíò ilé kò tíì wọ́pọ̀, tẹlifíṣọ̀n aláwo kò sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí íntánẹ́ẹ̀tì; ta ni yóò rò nígbà náà pé ogójì ọdún lẹ́yìn náà ẹnì kan yóò máa wá ìṣẹ́jú ọgbọ̀n yẹn kiri?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lówó jù wá lọ pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀. BBC pa ọ̀pọ̀ eré rẹ̀ rẹ́ láàárín ọdún 1960 sí ọdún 1970 lé díẹ̀. Èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù ni Doctor Who, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Iye tó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún apá nínú eré yìí ni BBC kò ní mọ́, gbogbo wọn sì wá láti inú sáà mẹ́fà àkọ́kọ́. Nítorí náà, bí iléeṣẹ́ kan bá ń tún Doctor Who gbé jáde tó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1970, kì í ṣe pé inú wọn kò dùn sí ti àtijọ́. Láti ibẹ̀ lọ ni eré náà ti pé.

Ìdí tí àwọn sáà àkọ́kọ́ yẹn kò fi sọnù tán kan Nàìjíríà gidigidi. BBC máa ń ṣe ẹ̀dà eré rẹ̀ sórí fíìmù 16mm láti tà á fún orílẹ̀-èdè mìíràn, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó rà á. Ní 1984, àwọn apá kan tí BBC ti rò pé ó ti sọnù padà dé ọ̀dọ̀ wọn láti Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, BBC kéde pé apá mẹ́sàn-án mìíràn, tó kọ́kọ́ jáde láàárín ìparí 1967 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1968, ti jáde wá láti yàrá ìpamọ́ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jọ́ọ̀sì. Inú agolo fíìmù ni wọ́n wà láti ọjọ́ yìí wá. Fíìmù kò ṣe é pa rẹ́ kí wọ́n tún fi ká nǹkan mìíràn. Bí kò bá jóná, tí omi kò sì bà á jẹ́, ibi tí wọ́n gbé e sí náà ni yóò wà.

Ọ̀rọ̀ Jọ́ọ̀sì yìí yẹ kó dun gbogbo ẹni tó fẹ́ràn eré Yorùbá. Orí ilẹ̀ wa ni iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yè, nítorí pé orí fíìmù ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Iṣẹ́ tí àwọn bàbá wa ṣe ní Agodi wà lórí téèpù, téèpù sì ni wọ́n ń pa rẹ́. Ohun kan náà ló jẹ́ kí I Love Lucy ti Amẹ́ríkà máa padà láti 1951 títí di òní. Orí fíìmù 35mm ni Lucille Ball àti Desi Arnaz ní kí wọ́n ká a sí nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣe eré tiwọn tààrà sórí afẹ́fẹ́, iléeṣẹ́ tiwọn, Desilu, ló sì ni fíìmù náà. Kò sí sáà kan nínú eré wọn tó di àwátì.

Àwọn tó sọ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn di ohun tí gbogbo ilé ń dúró dè ni àwọn ẹgbẹ́ eléré tó ń gbé eré káàkiri ìlú. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀. Dúró Ládípọ̀, ẹni tó ṣe Ọba Kò So, ló dá Bódé Wáásinmi sílẹ̀ fún NTA Ìbàdàn. Ọyin Adéjọbí ló ni Kóòtù Aṣípa, tí àwọn ènìyàn ń wò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹjọ́ tí wọ́n dá níbẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí gbà ń ṣiṣẹ́ ló fún ọ̀rọ̀ sáà ní ìtumọ̀ mìíràn nílé wa. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀ látòkè délẹ̀. Ọ̀gá a sọ ìtàn, a pín ipa, a sì jẹ́ kí òṣèré kọ̀ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tó yẹ ibi tó dé. Bí wọ́n bá pa téèpù irú eré bẹ́ẹ̀ rẹ́, kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí láti tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ti lọ pẹ̀lú ohùn tó sọ ọ́. Iṣẹ́ tí Karin Barber àti Báyọ̀ Ògúndíjọ ṣe ṣe iyebíye nítorí èyí: wọ́n gba ohùn ẹgbẹ́ Ọyin Adéjọbí sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì tẹ eré mẹ́ta jáde ní 1994. Mẹ́ta péré nínú iṣẹ́ tí odidi ẹgbẹ́ kan fi ayé wọn ṣe.

Bí ó ti jẹ́ pé òṣèré ni ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, sáà kan kì í jọ èkejì bí òṣèré bá yí padà. Eré The Village Headmaster fi èyí hàn kedere. Ṣẹ́gun Olúṣọlá kan náà tó darí eré Ṣóyínká ní Agodi ló dá a sílẹ̀. Ó dé orí tẹlifíṣọ̀n ní Èkó ní 1968, ó sì ń bá a lọ títí di ọdún 1980 lé díẹ̀. Ted Mukoro ló kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá iléèwé ìlú Òjá, Fẹ́mi Robinson gba ipò náà, lẹ́yìn náà ni Justus Esiri wá. Ẹni tó dàgbà ní 1970 mọ ọ̀gá kan, àbúrò rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó ní 1982 mọ ẹlòmíràn, àwọn méjèèjì sì ń sọ orúkọ eré kan náà. Àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Àwọn apá àkọ́kọ́ jẹ́ dúdú àti funfun, nígbà tí ti ẹ̀yìn ní àwọ̀, àwọn tó ń polówó ọjà kì í sì í fẹ́ kí ọjà wọn tó ń dán wà láàárín àwòrán dúdú àti funfun.

Ní Amẹ́ríkà ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí ti ju ọ̀pọ̀ sáà sí ẹ̀yìn. My Three Sons bẹ̀rẹ̀ ní 1960 lọ́dọ̀ ABC, kò ní àwọ̀. Ní 1965 ó kó lọ sí CBS, ó sì ní àwọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, sáà tó ní àwọ̀ nìkan ni àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké ń gbé jáde, bíi pé sáà márùn-ún àkọ́kọ́ kò wáyé rí. Síbẹ̀ àwọ̀ kì í borí nígbà gbogbo. The Andy Griffith Show ní sáà mẹ́jọ. Márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ dúdú àti funfun, mẹ́ta ìkẹyìn ní àwọ̀. Dúdú àti funfun ni àwọn ènìyàn fẹ́, nítorí pé inú rẹ̀ ni Don Knotts, òṣèré tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù, wà kó tó kúrò. Níbí, olùwòran lágbára ju àwọ̀ lọ. Kí ohùn olùwòran tó lè ní irú agbára bẹ́ẹ̀, sáà méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nílẹ̀ kí ó yan ọ̀kan.

Owó ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Ètò tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí tiwa. Níbẹ̀, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ń ra ẹ̀tọ́ láti tún eré gbé jáde, ó sì máa ń fẹ́ gbé e jáde lójoojúmọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Eré tó bá ní apá méjìlélógún péré yóò tán láàárín oṣù kan, yóò sì sú àwọn olùwòran. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣòwò fi máa ń sọ pé eré gbọ́dọ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún apá kó tó ṣeé tà fún àtúngbéjáde, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi sáà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Eré tó kú lẹ́yìn sáà kan kì í sábà padà, bí ó ti wù kó dára tó.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó ṣe eré fi ń sanwó fún iléeṣẹ́ kí wọ́n tó gbà á sórí afẹ́fẹ́, kí òun náà sì lọ wá onígbọ̀wọ́ tí yóò dá owó padà fún un. Ẹni tó bá fẹ́ tún sáà àtijọ́ gbé jáde gbọ́dọ̀ sanwó lẹ́ẹ̀kejì, kó sì tún wá onígbọ̀wọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Onígbọ̀wọ́ sì fẹ́ràn ohun tuntun. Bí orúkọ onígbọ̀wọ́ bá ti wọ inú eré fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà le sí i. Cock Crow at Dawn, eré iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Peter Igho darí tó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1980, bánkì UBA ló gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Bánkì mìíràn kò lè fi tayọ̀tayọ̀ sanwó láti tún polówó orúkọ UBA fún gbogbo ìlú. Eré tó dára bẹ́ẹ̀ lè jókòó sínú àpótí títí ẹni tó kọ́kọ́ sanwó rẹ̀ yóò fi tún nífẹ̀ẹ́ sí i.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀nà àwọn tó ni iléeṣẹ́ ara wọn yàtọ̀. Ken Saro-Wiwa fi iléeṣẹ́ rẹ̀, Saros International, ṣe Basi and Company láti àárín àwọn ọdún 1980 dé 1990. NTA gbé e jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ Saro-Wiwa ni eré náà wà. Amaka Igwe, tó ṣe Checkmate láàárín 1991 àti 1994, fa Fuji House of Commotion yọ láti inú rẹ̀. Wale Adenuga gbé Papa Ajasco kúrò nínú ìwé àwòrán apanilẹ́rìn-ín sí fíìmù, ó sì tún gbé e dé orí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ni iléeṣẹ́ ara rẹ̀ lè mọ iye apá tó ní àti ibi tó wà, kí ìwé tó fi bá òṣèré ṣe àdéhùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí òfin ọdún 1992 dá NBC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sílẹ̀, tí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, tí tẹlifíṣọ̀n aláwo sì tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n gbọ́dọ̀ kún lójúmọ́, irú iṣẹ́ báyìí ló wà nílẹ̀ tí wọ́n lè rà. Eré ìjọba tó ṣáájú wọn kò lè bá wọn du ipò yẹn, nítorí pé kò sí ẹni tó lè dáhùn ìbéèrè tí olùrà máa ń kọ́kọ́ béèrè: apá mélòó lẹ ní?

Òfin pẹ̀lú ń dá sáà kan dúró, ó sì ń jẹ́ kí òmíràn kọjá. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, dáàbò bo eré tí wọ́n ká sílẹ̀ àti ètò tó jáde lórí afẹ́fẹ́ fún àádọ́ta ọdún. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà lábẹ́ ààbò títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Dúró Ládípọ̀ jáde láyé ní oṣù Kẹta 1978. Ohun tó bá kọ sílẹ̀ ṣì jẹ́ ti àwọn àrólé rẹ̀ títí òpin 2048. Eré kan ṣoṣo lè ní ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tó ṣe orin rẹ̀, òṣèré bí ogún, àti iléeṣẹ́ tó ká a. Bí ìwé àdéhùn sáà kejì bá wà tí ti sáà kìíní sì ti sọnù, sáà kejì ni agbẹjọ́rò yóò gbà kí wọ́n gbé jáde. Ní ti Agodi, àyípadà oníǹkan tún wà lórí èyí. Ní àárín 1976 sí 1977 ni ìjọba àpapọ̀ gba àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ tí WNTV sì di NTA Ìbàdàn. Ìlérí tí WNTV bá ẹgbẹ́ eléré kan ṣe, bóyá lórí ìwé, bóyá ní ẹnu lásán, di ohun tí NTA jogún.

Orin nìkan lè pa sáà kan. WKRP in Cincinnati, eré Amẹ́ríkà nípa iléeṣẹ́ rédíò tó jáde láàárín 1978 àti 1982, kún fún orin àwọn olórin ńlá. Nígbà tí àṣẹ orin wọ̀nyẹn parí, wọ́n ní láti yọ ọ̀pọ̀ nínú wọn kí wọ́n fi orin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ dí àyè rẹ̀ kó tó lè padà. Eré Yorùbá tí wọ́n fi orin jùjú tàbí fújì tó lókìkí ṣí tàbí parí yóò kan irú ìṣòro kan náà bí iléeṣẹ́ aláwo tàbí íntánẹ́ẹ̀tì bá fẹ́ rà á.

Gbogbo èyí, owó, òfin àti àwọ̀, ni ènìyàn lè jókòó yanjú nígbàkúùgbà. Téèpù kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Àtè tó so ìyẹ̀fun onímágnẹ́ẹ̀tì mọ́ ara téèpù àwọn ọdún 1970 máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ó sì máa ń di kíkì títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń yan irú téèpù bẹ́ẹ̀ sínú ooru tí kò le púpọ̀, nǹkan bí 50°C, fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó ṣeé wò lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì tètè dà á sórí kọ̀ǹpútà. Òjò Ìbàdàn, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ti kú: kò sí ọ̀kan tó bá téèpù lára mu. Ẹ̀rọ tó ń ká téèpù íńṣì méjì tàbí kásẹ́ẹ̀tì U-matic náà kò sí ẹni tó ń ṣe é mọ́, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe sì ti ń fẹ̀yìn tì. Ní 2019, UNESCO àti IASA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olùtọ́jú ohùn àti àwòrán, kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé láti nǹkan bí 2025 lọ, ọ̀pọ̀ téèpù kò ní ní ẹ̀rọ tí yóò kà á mọ́.

Àpẹẹrẹ rere wà nílé. Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ti di ohun tí àwọn ènìyàn rò pé kò sí mọ́ kí wọ́n tó rí i ní ilé ìpamọ́ fíìmù ti ìjọba àpapọ̀ ní Jọ́ọ̀sì. Àwọn ará iléeṣẹ́ fíìmù Arsenal ní Berlin bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2018. Kí irú èyí tó ṣeé ṣe, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ yàrá ìpamọ́, kó ka ohun tó wà lórí àwọn agolo, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí lẹ́tà yìí ń béèrè lọ́wọ́ NTA Ìbàdàn àti BCOS nìyẹn. Kò béèrè pé kí wọ́n tún gbogbo eré àtijọ́ gbé jáde lọ́la. Owó àti òfin kò ní gbà. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìwé àkọsílẹ̀ ohun tó kù, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ènìyàn. Kí orúkọ eré wà níbẹ̀, ọdún tó jáde, iye apá tó kù nínú sáà kọ̀ọ̀kan, irú téèpù tàbí fíìmù tó wà lórí rẹ̀, bóyá ó ṣì ṣeé wò, orúkọ ọ̀gá ẹgbẹ́ àti àwọn òṣèré, àti bóyá ìwé àdéhùn wà. Akọ̀wé méjì tó mọ eré Yorùbá, pẹ̀lú onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ti fẹ̀yìn tì, lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láìsí ẹ̀rọ kankan ju tábìlì àti kọ̀ǹpútà lọ. BCOS kò gbọ́dọ̀ rò pé ti Agodi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí: láti ìgbà ìjọba Gómìnà Bọ́lá Ìgè tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, eré Yorùbá ti kọjá ní Ilé Akéde, ibùdó BCOS, pẹ̀lú. Kí ẹ̀dà ìwé náà wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn àrólé òṣèré ti lè kà á láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n da èyí tó ń bàjẹ́ jù sórí kọ̀ǹpútà ṣáájú, kì í ṣe èyí tó lókìkí jù. Eré tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sábà máa ń ní ẹ̀dà níbòmíràn. Téèpù tí kò sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ ni kì í ní ẹ̀dà. Kí àdéhùn kan wà fún gbogbo ìdílé òṣèré, tí yóò sọ iye tí wọn yóò gbà nínú owó àtúngbéjáde, kí wọ́n má baà máa lé ìdílé kọ̀ọ̀kan kiri nígbà tí olùrà bá dé. Ìjà owó àtúnhàn yìí ti pẹ́ láyé: apá kan nínú ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣèré Amẹ́ríkà ní 1960, nígbà tí Ronald Reagan jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ wọn, dá lé e lórí. Àwọn ọmọ òṣèré Ìbàdàn kò gbọ́dọ̀ kéré sí tiwọn.

Iṣẹ́ kan wà fún olùwòran pẹ̀lú. Láti ọdún 1980 lé díẹ̀ ni fídíò kásẹ́ẹ̀tì ti wọ ọ̀pọ̀ ilé, àwọn kan sì máa ń ká eré láti orí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n lè tún un wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ fíìmù BFI bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan ní 1993, Missing Believed Wiped, láti bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá, ọ̀pọ̀ ètò tó ti sọnù sì ti padà nípasẹ̀ rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì VHS tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Bódìjà, tàbí nínú àpótí kan ní Ring Road, tó ní Kóòtù Aṣípa lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìpolówó ọṣẹ láàárín, lè jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù láyé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ká ìgbéyàwó lé e lórí. NTA Ìbàdàn gbọ́dọ̀ sọ lórí afẹ́fẹ́ ibi tí wọn yóò mú un wá, orúkọ ẹni tí yóò gbà á, àti pé wọn yóò dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Kí apá àkọ́kọ́ ìwé àkọsílẹ̀ náà jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá tó ń bọ̀, tí í ṣe àyájọ́ ọjọ́ tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Agodi. Kí wọ́n sì kọ àwọn eré tó ti sọnù sínú rẹ̀ pẹ̀lú, lórúkọ, sáà dé sáà, kí àwọn tó ní kásẹ́ẹ̀tì nílé lè mọ ohun tí wọn yóò wá.

Olùwòran kan,
Bódìjà, Ìbàdàn.